Òdo Tí Ó Yẹ̀ Kúrò Nípò

"Ta ni yóò kọ márùndínlógójì fún mi?" Tíṣà béèrè.

Ọwọ́ bíi mẹ́jọ gòkè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Tíṣà na ṣọ́ọ̀kì sí ọmọkùnrin kan ní ìlà iwájú. Ọmọ náà lọ sí ojú pátákó bí ẹni tí ó mọ ọ̀nà ilé baba rẹ̀, ó kọ 45, ó sì yíjú padà láti gba ìyìn.

"Báwo lo ṣe mọ̀ ọ́n?"

"Mo gbọ́ ogójì, mà, mo kọ mẹ́rin. Mo gbọ́ àrún, mo kọ márùn-ún."

"Etí rẹ kò purọ́. Ohun tó wà láàárín ogójì àti àrún ni etí rẹ fò." Tíṣà to ìdì igi ìṣáná mẹ́rin sórí tábìlì. Igi mẹ́wàá-mẹ́wàá ni ó wà nínú ìdì kọ̀ọ̀kan, rọ́bà ni a sì fi so wọ́n. "Mélòó nìyí?"

"Ogójì," gbogbo kíláàsì dáhùn.

"Yọ márùn-ún kúrò níbẹ̀."

Ọmọ náà wo àwọn ìdì náà títí. "Kò ṣe é yọ, mà. Wọ́n ti so wọ́n."

"Igi ni wọ́n so, àbí ọwọ́ rẹ?"

Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín. Ọmọ náà tú ìdì kan, ó yọ igi márùn-ún sọ́tọ̀, ó sì ka èyí tí ó kù: ìdì mẹ́ta, ẹyọ márùn-ún. Kò sí ẹni tí ó sọ fún un kí ó tó fi àtẹ́lẹwọ́ nu mẹ́rin rẹ́ kúrò lójú pátákó, tí ó sì kọ mẹ́ta sí ipò rẹ̀.

Bí Tíṣà ti ń kọ́ni nìyẹn. Igi kan ni ẹyọ. Ẹyọ mẹ́wàá di ìdì. Ìdì mẹ́wàá wọ inú agolo wàrà tí ó ti ṣófo. Agolo mẹ́wàá wọ inú páálí kan. Kò sí ọmọ tí ó gbọdọ̀ kọ nọ́ńbà tí ọwọ́ rẹ̀ kò tíì dì rí. Àwọn ọmọ ń pè é ní Ìyá Onígi lẹ́yìn rẹ̀, ó sì mọ̀.

Ẹni tí ó jókòó sí ẹ̀yìn kíláàsì, tí ó ń so igi tuntun, ni ọmọbìnrin Tíṣà fúnra rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe ìdánwò àṣejáde ilé-ẹ̀kọ́ girama tán, ó ń retí èsì. Gbogbo àdúgbò ń pè é ní Ọmọ Tíṣà.

Ọwọ́ kan gòkè ní ìlà kẹta. Ọmọbìnrin kékeré kan ni, ọmọ ọdún mẹ́jọ, tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ ní Oníbéèrè, nítorí pé kò sí ohun tí a sọ tí kì í bi ní ìdí.

"Mà, bí agolo bá wà, tí ẹyọ wà, ṣùgbọ́n tí kò sí ìdì kankan ńkọ́? Kí la ó kọ sí ipò ìdì?"

"Òdo."

"Òdo kì í ṣe nǹkan kan."

"Àga tí ẹnikẹ́ni kò jókòó sí, ṣé kì í ṣe àga ni?"

Oníbéèrè rò ó. "Àga ni, mà."

"Bí a bá gbé e kúrò, kí ni àwọn tó kù yóò ṣe?"

"Wọ́n á sún mọ́ra."

"Nígbà náà, ẹni tó jẹ́ agolo yóò wá jókòó sí àyè ìdì, ọ̀wọ̀ rẹ̀ yóò sì dínkù. Òdo ni kò jẹ́ kí ó ṣẹlẹ̀."

Ẹnu ọ̀nà ni ọ̀gá ilé-ìwé ti gbọ́ ìyẹn. Ó wọlé, ó sì kọ́wọ́ sẹ́yìn.

"Tíṣà, ẹ ṣì ń di igi."

"A ṣì ń di í, sà."

"Kíláàsì kejì tí ẹ jọ jẹ́ ẹgbẹ́ ti ń ka ẹgbẹẹgbẹ̀rún bí omi tó ń ṣàn."

"Omi a máa ṣàn lórí àpáta, sà. Àpáta kì í tutù dénú."

"Ẹ jẹ́ ká fi òwe sílẹ̀. Alábẹ̀wò ń bọ̀ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta òní. Nọ́ńbà mẹ́wàá ni yóò pè, àwọn ọmọ yóò sì kọ ọ́. Kíláàsì tí ìdajì rẹ̀ kò bá yege, wọn yóò yọ olùkọ́ rẹ̀ kúrò níwájú pátákó. Yàrá ìkẹ́rùsí ń wá ẹni tí yóò máa ṣọ́ ọ."

"Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni mo ti ń kọ́ni, sà."

"Mo mọ̀. Ìyẹn ni mo ṣe fẹsẹ̀ ara mi wá sọ ọ́, tí n kò rán ẹnikẹ́ni."

Tíṣà tẹríba. Nígbà tí ọ̀gá jáde, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú òsì rẹ̀. Omi náà kì í ṣe ti ẹkún. Láti ọdún tí ó kọjá ni àwọ̀ funfun kan ti ń bo ẹyinjú náà, ọjọ́ kejì sì ni dókítà dá láti ṣí i kúrò.

*

"Ogún ọjọ́," ni dókítà wí, lẹ́yìn tí ó ti fi òwú àti báńdéèjì bo ojú náà. "Eruku ṣọ́ọ̀kì kò gbọdọ̀ kàn án. Ẹ kò gbọdọ̀ kàwé, ẹ kò gbọdọ̀ kọ̀wé."

"Ọjọ́ tí alábẹ̀wò ń bọ̀ gan-an nìyẹn, dókítà."

"Kí ó máa bọ̀. Ojú yín ni mo ń ṣọ́, n kò ṣọ́ alábẹ̀wò."

Kò sí olùkọ́ mìíràn tí ọwọ́ rẹ̀ dilẹ̀. Ọ̀gá ilé-ìwé gbà kí Ọmọ Tíṣà di kíláàsì náà mú.

"Ṣùgbọ́n kí ó yé ọ," ó sọ fún un. "Orúkọ ìyá rẹ ló wà nínú ìwé. Ohun tó bá ṣẹlẹ̀ nínú kíláàsì yẹn, òun ni yóò dáhùn fún un."

Nílé, Tíṣà dùbúlẹ̀, ó kọjú sí ògiri. "Má sáré o, ọmọ mi. Ìdì ti yé wọn. Agolo ló kù díẹ̀ káàtó. Bí agolo bá yé wọn, páálí kò ní í gbà ju ọjọ́ méjì lọ."

"Bí alábẹ̀wò bá dé kí á tó dé páálí ńkọ́, Màámi?"

"Ìdajì ni wọ́n béèrè. Bí agolo bá yé wọn dáadáa, ìdajì kíláàsì yóò yege."

Ọmọ Tíṣà gbọ́ ọ̀rọ̀ náà. Ọjọ́ tí ó yẹ kí ó rántí rẹ̀ ni kò rántí rẹ̀.

*

Ní ọjọ́ kẹrin tí ó dúró níwájú kíláàsì, ó pe ọ̀ọ́dúnrún ó lé mẹ́jọ. Nínú ọmọ méjìlélọ́gbọ̀n, ogún ni wọ́n kọ 3008. Wọ́n gbọ́ ọ̀ọ́dúnrún, wọ́n kọ gbogbo òdo rẹ̀. Wọ́n gbọ́ mẹ́jọ, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn nídìí. Ó kó agolo mẹ́ta àti ẹyọ mẹ́jọ sílẹ̀, ó tú u, ó dì í, ó tún un tú. Nígbà tí agogo ilé lù, ọmọ mẹ́tàlá péré ni ó kù tí kò yé.

Ìyá rẹ̀ ì bá ti yọ̀ sí ìyẹn. Òun kò mọ̀ pé ohun ayọ̀ ni. Mẹ́tàlá tí ó kù nìkan ni ó rò títí ó fi dé ilé fọtokọ́pì tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń bá ṣiṣẹ́. Ọmọ kíláàsì kan náà ni wọ́n. Yáwọ́ ni gbogbo èèyàn ń pe ọ̀rẹ́ náà, nítorí pé kì í dúró ti ohunkóhun.

"Ọmọ Tíṣà, o ti gbẹ bí igi ìṣáná tí ìyá rẹ ń dì."

"Jọ̀ọ́, má fi mí ṣẹ̀sín. Ọjọ́ kan gbáko ni mo fi kọ́ wọn ní nọ́ńbà kan."

"Nọ́ńbà kan? Ó ku ẹgbẹ̀rún mélòó?"

"Tí wọn kò bá yege, wọ́n á gbé Màámi lọ sí yàrá ìkẹ́rùsí. Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, Yáwọ́. Kí ó wá máa ka páálí ṣọ́ọ̀kì."

Yáwọ́ wo ẹnu ọ̀nà. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fa bébà kan yọ láti inú òkìtì èyí tí ó bàjẹ́ lábẹ́ tábìlì, ó sì fi í lé e lọ́wọ́.

"Ọ́fíìsì àwọn alábẹ̀wò ló gbé e wá ní ìjẹta. Igba ẹ̀dà ni mo ṣe fún wọn. Ọ̀gá mi ní kí n sun àkọ́tẹ̀ yìí, n kò tíì ráyè."

"Kí ló bàjẹ́ nínú rẹ̀?"

"Ṣé mo mọ̀? Obìnrin tó gbé e wá wò ó, ó pòṣé, ó ní ká tún un tẹ̀. Bóyá ìlà ló wọ́."

"N kò gbọdọ̀ wò ó."

"Má wò ó nígbà náà. Dá a padà fún mi, kí n sun ún."

Ọmọ Tíṣà kò dá a padà. Bébà náà wà láàárín ìka rẹ̀, ó sì wúwo ju bébà lọ.

"Ọ̀nà kan kò wọ ọjà," Yáwọ́ sọ, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ìyá rẹ ń gba ọ̀nà igi. Ìwọ gba ọ̀nà bébà. Ibì kan náà lẹ ó ti pàdé."

*

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Ọmọ Tíṣà ti páálí igi sábẹ́ tábìlì. Ó kọ nọ́ńbà mẹ́wàá sójú pátákó láti òkè dé ìsàlẹ̀. Kò sọ ibi tí ó ti rí i, kò sì sí ọmọ tí ó béèrè, nítorí pé ọmọdé gbà pé ojú pátákó ni nọ́ńbà ń gbé.

"Ìkíní?"

"Mẹ́ta, òdo, mẹ́jọ!"

"Ìkejì?"

"Ọ̀kan, ọ̀kan, méjì!"

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń kà á lọ, tí wọ́n ń kà á bọ̀, títí tí ó fi di orin lẹ́nu wọn. Kò pé ọjọ́ márùn-ún tí gbogbo wọn fi lè kọ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá láìwo pátákó. Ìdùnnú kún ojú wọn. Ẹni tí ó ti ń gba òdo láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún wá ń gba mẹ́wàá nínú mẹ́wàá.

Oníbéèrè nìkan ni ó na ọwọ́.

"Àǹtí, kí ni nọ́ńbà yẹn ń jẹ́?"

"Èwo?"

"Ìkeje."

"Mẹ́rin, mẹ́ta, márùn-ún, òdo."

"Mo mọ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́. Mo ní mélòó ni?"

"Ìwọ ṣáà kọ ọ́ bí mo ṣe kọ ọ́."

"Páálí mẹ́rin ló wà níbẹ̀, Àǹtí. Ọwọ́ wa kò tíì di páálí rí. Ìyá Onígi ní ọmọ kò gbọdọ̀ kọ..."

"Ṣé èmi ni Ìyá Onígi?"

"Rárá, Àǹtí."

"Nígbà náà, jókòó."

Oníbéèrè jókòó. Ó kọ ọ́ bí a ti ní kí ó kọ ọ́, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, nígbà ìsinmi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fa páálí jáde láti abẹ́ tábìlì, òun nìkan, ó ń dì, ó ń tú. Ọmọ Tíṣà rí i. Ó ṣe bí ẹni tí kò rí i.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Tíṣà béèrè láti orí ibùsùn, bí ó ti máa ń béèrè lójoojúmọ́, "Ibo lẹ dé?"

"A ti dé páálí, Màámi."

"Páálí? Agolo ti yé wọn kíákíá báyìí? O mà ju ìyá rẹ lọ. Oníbéèrè ńkọ́?"

"Ó ń béèrè."

"Jẹ́ kó máa béèrè. Kí ló béèrè lónìí?"

Ọmọ Tíṣà wo ilẹ̀. "Ó ní kí ni nọ́ńbà kan ń jẹ́."

"Ìbéèrè ọlọ́gbọ́n nìyẹn. Kí lo dá a lóhùn?"

"Mo... mo tú u fún un, Màámi."

"O ṣeun. Kó ìwé wọn wá. N kò lè kà á, ṣùgbọ́n jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án."

Ó kó ìwé méjìlélọ́gbọ̀n lé ìyá rẹ̀ lẹ́sẹ̀. Tíṣà ń fi ìka tọ ojú ìwé lọ, níbi tí lẹ́ẹ̀dì ti tẹ bébà. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì yára di báńdéèjì mú. "Dókítà ní n kò gbọdọ̀ rẹ́rìn-ín. Ìwọ lo fẹ́ fọ́ mi lójú."

Ọmọ Tíṣà kó àwọn ìwé náà kúrò.

*

Alábẹ̀wò náà jẹ́ obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kì í gbé ohùn sókè. Tíṣà jókòó sí igun kíláàsì, ó wọ gíláàsì dúdú. Ọ̀gá ilé-ìwé dúró tì í. Ojú fèrèsé ni Ọmọ Tíṣà dúró sí, níta.

"Ẹ̀ẹ̀mejì ni n ó pe ọ̀kọ̀ọ̀kan," alábẹ̀wò sọ fún àwọn ọmọ. "Ìkíní. Ọ̀ọ́dúnrún ó lé..."

Lẹ́ẹ̀dì ti ń dún lórí ìwé. Ọmọ kan tilẹ̀ ti kọ ìkíní àti ìkejì kí ó tó dé ẹ̀ẹ̀kejì ìpè.

"Ọwọ́ wọn yá," alábẹ̀wò wí.

"Olùkọ́ wọn ló kọ́ wọn dáadáa," ọ̀gá dáhùn, Tíṣà sì rẹ́rìn-ín músẹ́.

Nígbà tí ó kan ìkeje, alábẹ̀wò pè é wọ́ọ́rọ́wọ́. "Ẹgbẹ̀rún mẹ́rin ó lé márùndínlógójì."

Àwọn ọmọ ti kọ ọ́ tán. Oníbéèrè nìkan ni ó gbé orí sókè. Ó fi lẹ́ẹ̀dì sílẹ̀, ó ń wo afẹ́fẹ́, ìka rẹ̀ ń ṣe bí ẹni tí ń tú rọ́bà.

"Mà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún un pè."

Alábẹ̀wò tún un pè. Ọmọ Tíṣà sún mọ́ fèrèsé. Kì í ṣe nọ́ńbà tí ó wà lójú bébà nìyẹn. Ẹgbẹ̀rún mẹ́rin, ọ̀ọ́dúnrún ó lé àádọ́ta ni ó wà lójú bébà.

Nígbà tí mẹ́wẹ̀ẹ̀wá parí, alábẹ̀wò kó àwọn ìwé jọ, ó sì ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan láìsọ̀rọ̀. Kò fi bírò kan ohunkóhun.

"Tíṣà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ súnmọ́ ibí. Ṣé ẹ lè kàwé?"

"Ojú kan ríran, mà."

"Kí ni ọmọ yìí kọ sí ìkeje?"

Tíṣà gbé ìwé súnmọ́ ojú ọ̀tún. "Ẹgbẹ̀rún mẹ́rin, ọ̀ọ́dúnrún ó lé àádọ́ta."

"Èyí ńkọ́?"

"Bákan náà, mà."

"Èyí?"

"Bákan náà." Ohùn Tíṣà ti ń rẹlẹ̀.

"Nínú méjìlélọ́gbọ̀n, mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ọmọ tí kò mọ nǹkan a máa ṣì í ní ọ̀nà tirẹ̀. Ọ̀kan ì bá kọ 4,045, òmíràn ì bá to òdo kún ojú ìwé. Mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí fún ọdún mẹ́tàlá. N kò rí ọmọ mọ́kànlélọ́gbọ̀n rí tí wọ́n gbé òdo kan ṣoṣo kúrò ní ipò kan náà, tí wọ́n sì jọ gbé e lọ sí ibì kan náà." Ó pa ìwé dé. "Ibì kan ni mo ti rí i. Nínú àkọ́tẹ̀ tiwa ni òdo ti yẹ̀ kúrò ní ipò agolo, tí ó lọ jókòó sí ìdí. Èmi fúnra mi ni mo rí àṣìṣe náà tí mo ní kí wọ́n tún un tẹ̀."

Alábẹ̀wò yíjú sí ọmọkùnrin ìlà iwájú.

"Ọmọ dáadáa, mẹ́ta tó wà nínú ìkíní yìí, mẹ́ta kí ni?"

"Mẹ́ta, mà."

"Mẹ́ta ẹyọ ni, mẹ́ta ìdì ni, àbí mẹ́ta agolo?"

Ojú ọmọ náà ń wá ìdáhùn lórí àjà. "Mẹ́ta, òdo, mẹ́jọ, mà," ó wí níkẹyìn, ó sì fi ohùn orin sọ ọ́.

Tíṣà bọ́ gíláàsì rẹ̀. Ó yí orí padà díẹ̀díẹ̀ títí ojú rẹ̀ fi dé fèrèsé, ó sì dúró síbẹ̀.

"Ta ló fi ìwé yẹn han àwọn ọmọ wọ̀nyí?" alábẹ̀wò béèrè. "N kò ní í bi wọ́n léèrè. Kì í ṣe iṣẹ́ ọmọdé láti tú àgbà fó. Ẹ̀yin ni mò ń bi."

Ọ̀rọ̀ méjì ni ó tó: èmi ni. Ọmọ Tíṣà ní in lẹ́nu. Ó rí ojú ọ̀gá, ó rí ìwé ọwọ́ alábẹ̀wò, ó rí àwọn ọmọ tí wọ́n ń wò ó láìtíì mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà mì.

"Èmi ni olùkọ́ kíláàsì yìí," Tíṣà dáhùn.

"Kì í ṣe ohun tí mo béèrè nìyẹn."

"Ohun tí mo lè sọ nìyẹn, mà."

*

Lójú ọ̀nà ilé, ìyá ń lọ níwájú, ọmọ ń tẹ̀lé e.

"Màámi."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ọjọ́ karùn-ún."

"Ìgbà tí o ní ẹ ti dé páálí ńkọ́?"

"Ó ti bẹ̀rẹ̀ nígbà yẹn, mà."

"Mo fọwọ́ kan ìwé yẹn. Mo ní o ṣeun."

"N kò fẹ́ kí wọ́n yọ yín ni, Màámi. Ọmọ mẹ́tàlá ni kò gbà ní ọjọ́ kẹrin. Ẹ̀rù bà mí."

Tíṣà dúró. "Ọmọ mẹ́tàlá péré?" Ó ka nǹkan kan nínú ara rẹ̀. "Nínú méjìlélọ́gbọ̀n? Mọ́kàndínlógún ti gbà?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ju ìdajì lọ nìyẹn."

Ó yíjú síwájú, ó sì ń lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Ọmọ Tíṣà lọ sí ọ́fíìsì alábẹ̀wò. Ó dúró, ó sọ gbogbo rẹ̀, láti orí bébà dé orí fèrèsé. Obìnrin náà gbọ́ ọ tán.

"Jókòó. Níbo lo wà lánàá nígbà tí mo béèrè?"

"Ojú fèrèsé, mà."

"O gbọ́ mi?"

"Mo gbọ́, mà."

"Ìyá rẹ ńkọ́, ṣé òun ló ní kí o wá?"

"Kò tilẹ̀ bá mi sọ̀rọ̀, mà."

Alábẹ̀wò fi bírò sílẹ̀. "Ẹyin ni ohùn, ìwé tí a ti buwọ́ lù kò sì yàtọ̀ sí i. Ìròyìn mi ti lọ kí o tó jí. N ó kọ òmíràn tẹ̀lé e, n ó ní ìyá rẹ kò mọ̀ nípa rẹ̀. Wọn kò ní í pè é ní olè mọ́. Ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ ló wà nínú ìwé kíláàsì, wọn kò sì ní í dá kíláàsì padà fún un. Ká ní o la ẹnu lánàá, kí n tó gbé bírò, ìwé mìíràn ni ǹ bá kọ."

"Kò sí ohun tí mo lè ṣe, mà?"

"O ti ṣe é. Ó pẹ́ ni."

Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí. Yáwọ́ ni ó kọ́kọ́ pàdánù iṣẹ́. Nígbà tí wọ́n pàdé lójú ọ̀nà, ó wí pé, "Ìyá rẹ lo fẹ́ gbà là, o wá fi èmi náà kún un," ó sì kọjá lọ. Ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀lé e, Tíṣà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní yàrá ìkẹ́rùsí, níbi tí kò ti sí fèrèsé àti ọmọdé. Ojú rẹ̀ san. Ó ń ríran kedere, kò sì sí ohun tí ó ń rí ju páálí ṣọ́ọ̀kì lọ. Nílé, ó ń kí ọmọ rẹ̀ láàárọ̀, ó ń gbé oúnjẹ rẹ̀ fún un, ṣùgbọ́n kò bi í ní ibi tí ó dé mọ́ nínú ohunkóhun. Ti kíláàsì náà, wọ́n fagi lé èsì ọmọ méjìlélọ́gbọ̀n náà, wọ́n sì dà wọ́n pọ̀ mọ́ kíláàsì kejì, níbi tí nọ́ńbà ti ń ṣàn bí omi.

Ní ọ̀sán Sátidé kan, ẹnì kan kan ilẹ̀kùn. Oníbéèrè ni, ó di ìwé rẹ̀ mọ́ àyà.

"Ẹ káàsán, Àǹtí. Ìyá mi ní kí n má wá, ṣùgbọ́n mo wá."

"Káàsán. Wọlé."

"Mi ò jókòó. Ẹ wo ìkeje mi."

Ọmọ Tíṣà wò ó. 4,035 ni ó wà níbẹ̀, lẹ́ẹ̀dì tẹ̀ ẹ́ dáadáa. Bírò pupa gba orí rẹ̀ kọjá láti igun dé igun.

"Ó tọ̀nà," ó wí.

"Wọ́n fagi lé e."

"Ti gbogbo kíláàsì ni wọ́n fagi lé."

"Èmi ò kọ tàwọn yòókù. Mo gbọ́ ọ, mo dì í lọ́kàn, mo wá kọ ọ́."

"Mo mọ̀."

"Ó dé tí wọ́n fi fagi lé tèmi?"

Nínú yàrá, ibùsùn Tíṣà dún lẹ́ẹ̀kan, ó sì dákẹ́. Ó ti gbọ́. Kò jáde wá.

"Nítorí mi ni," Ọmọ Tíṣà dáhùn.

"Kí ni mo ṣe yín?"

"O kò ṣe mí ní nǹkan kan."

Oníbéèrè dúró síbẹ̀. Ìyá Onígi ti jẹ́ kí ó mọ̀ pé lẹ́yìn ìdáhùn tí kò tó, òmíràn máa ń tẹ̀lé e. Nígbà tí kò gbọ́ ohunkóhun, ó pa ìwé rẹ̀ dé, ó yípadà, ó sì lọ láìdágbére.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ka ìtàn yìí, ẹnikẹ́ni kò ní í sọ fún yín pé kí ẹ wá pa ìyá yín lára. Ohun tí wọn yóò sọ ni pé ẹ wá ràn án lọ́wọ́, ẹ̀rù tí ó wà lọ́kàn yín yóò sì bá wọn fọwọ́ sí i. Ẹni tí ó bá fi èrú gbèjà ẹni tí ó fẹ́ràn, ẹni náà gan-an ni yóò kọ́kọ́ fi lé ọ̀tá lọ́wọ́, yóò sì fi ẹ̀tọ́ aláìmọwọ́mẹsẹ̀ lé e lórí. Bí ẹ bá sì ti ṣì í ṣe, ọjọ́ tí wọ́n bá béèrè ni kí ẹ dáhùn. Òtítọ́ tí a sọ lọ́jọ́ kejì, òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ì bá gbà là ti gba ìdájọ́ rẹ̀ lánàá.